Etí, Ẹnu, Ọwọ́ àti Ojú: Ọ̀nà Kan láti Kọ́ni ní Àmì Ohùn àti Àkọtọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí kò tí ì pàdé irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí: ẹnu rẹ̀ dá ṣáká bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ó lè pàlọ́, ó lè pòwe, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú ìwé, yóò fọ́n àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà kì í ṣi ohùn pè. Kì í fẹ́ pe igbá kí ó wá pe ìgbà. Ohùn náà wà ní etí rẹ̀, ó sì wà ní ẹnu rẹ̀. Ọ̀nà láti ẹnu dé orí ìwé ni ó dí.

Bí a ṣe lè la ọ̀nà náà ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ìlànà tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ti kíkọ́ni nípa àjùmọ̀lò ẹ̀yà-ara ìmọ̀lára, èyíinì ni lílo etí, ẹnu, ọwọ́ àti ojú akẹ́kọ̀ọ́ pa pọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, níbi tí olùkọ́ ti ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí mélòó kan, ni a ní lọ́kàn jù, nítorí pé kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè gba ohun tí a ó ṣàlàyé. Araromi-Obu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé kì í ṣe iye ẹ̀yà-ara tí a pè sí iṣẹ́ ni ó ń mú ẹ̀kọ́ wọlé. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ohun tí etí gbọ́, tí ẹnu sọ, tí ọwọ́ ṣe, tí ojú sì rí, jẹ́ ohun kan náà. Bí wọ́n bá ń ta ko ara wọn, ó sàn kí a má tilẹ̀ kó wọn jọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn

Àgbègbè oko ni Araromi-Obu. Oko rọ́bà wà níbẹ̀, oko ọ̀pẹ wà níbẹ̀, kòkó sì wà káàkiri. Ore, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, wà lójú ọ̀nà ńlá tí ó lọ láti Èkó sí Benin. Iṣẹ́ oko àti ọ̀nà yìí ti kó ènìyàn jọ láti ibi púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè rí ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ Oǹdó, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ọ̀ṣun wá, àti ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ jẹ́ Ìgbò tàbí Tiv, lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ìṣòro wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Adétúgbọ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1967 lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, fi Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti àwọn alábàágbé wọn sí ìsọ̀rí gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀rọ̀ lè fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀rí náà, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà. Nítorí náà bí ọmọ Oǹdó bá kọ ‘usu’ níbi tí ìwé ń retí ‘iṣu’, etí rẹ̀ kò tàn án jẹ rárá. Ohun tí ó gbọ́ nílé ni ó kọ. Olùkọ́ tí ó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé ‘kọ ohun tí o gbọ́’, tí ó tún ń fa ìlà pupa sí i, ń da ọmọ náà lójú rú ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ fún un kedere pé báyìí ni wọ́n ń pè é nílé, báyìí ni a sì ń kọ ọ́ nínú ìwé, kí a jẹ́ kí etí rẹ̀ gbọ́ méjèèjì léraléra kí ó tó gbé bírò.

Ní ti ọmọ Ìgbò tàbí Tiv, àwọn olùkọ́ kan a máa rò pé kò ní etí ohùn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Èdè olóhùn ni Ìgbò àti Tiv pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ ohùn kò ṣàjèjì sí etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohùn àárín Yorùbá ni ó sábà máa ń rú u lójú, nítorí pé bí èdè tirẹ̀ ṣe ń lo ohùn yàtọ̀ sí tiwa.

Kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó fi yẹ kí a dààmú lé e lórí? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, ó lè pa Yorùbá tì bí ó bá wù ú, àwọn tí àmì ohùn ti dẹ́rù bà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’, Modákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà, àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà náà. A kò gbé ẹjọ́ yẹn wá síbí. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ọmọ fi ń bá Yorùbá àkọsílẹ̀ pàdé kò pọ̀, kò sì jọ pé yóò pọ̀ sí i láìpẹ́. Ìwọ̀nba tí ó kù fún wa, àti ti ìrọ̀lẹ́ tí a fi kún un, ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò.

Ìlànà náà kì í ṣe tuntun

Ọmọ awo tí ó ń kọ́ Ifá a máa fi ìka tẹ ojú odù sínú ìyẹ̀ròsùn lórí ọpọ́n, yóò máa fi ojú wo ohun tí ìka rẹ̀ ń ṣe, yóò sì máa ka ẹsẹ tí ó bá odù náà lọ. Ọmọ ilé kéú ń fi gègé kọ wàláà, ó ń ka ohun tí ó kọ sókè, bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, yóò fọ̀ ọ́ nù. Ọmọ Àyàn kò kọ́ ìlù nínú ìwé. Ẹnu ni ó fi ń pe ohun tí ọ̀pá yóò lù, apá rẹ̀ sì ń fún ọṣán dùndún mọ́ra tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́, bí ohùn bá ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí tí ó ya ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnu.

Ní òkè òkun, Maria Montessori ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1907, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké fi ìka tọ lẹ́tà tí a fi bébà oníyanrìn gé, bí wọ́n ti ń pe ìró lẹ́tà náà. Ní Amẹ́ríkà, Grace Fernald tẹ ìwé jáde ní ọdún 1943 lórí àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún. Títọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìka bí ẹnu ti ń pè é ni òpó ìlànà tirẹ̀ pẹ̀lú. Samuel Orton àti Anna Gillingham ṣe iṣẹ́ tí ó jọ èyí.

Ó yẹ kí a kíyè sára síbẹ̀. Àkójọ ìwádìí kan lórí ìlànà Orton àti Gillingham jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021, àǹfààní tí àwọn olùṣèwádìí rí kò sì tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2004, Florence Bara, Édouard Gentaz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà ní àfikún sí wíwò àti gbígbọ́ ṣe dáadáa ní kíkà ju àwọn tí kò fọwọ́ kàn án lọ. Ohun tí a rí dì mú nínú èyí ni pé ìka náà ń tọ ìrísí lẹ́tà gan-an, nígbà tí ẹnu ń pe ìró lẹ́tà yẹn gan-an.

Èrò kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ kọ̀: pé ọmọ kan jẹ́ ‘ọmọ ojú’, òmíràn ‘ọmọ etí’, òmíràn ‘ọmọ ọwọ́’, kí a sì kọ́ olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀. Harold Pashler àti àwọn mẹ́ta mìíràn yẹ ìwádìí lórí rẹ̀ wò ní ọdún 2008, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó tó láti ti èrò náà lẹ́yìn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ Yorùbá tilẹ̀ fi hàn kedere: ìró ni ohùn. Kò sí bí a ṣe lè fi ojú nìkan kọ́ ọmọ kankan ní ohùn, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán jù lọ.

Láti etí dé orí ìwé

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí: igba, igbá, igbà, ìgbà, ìgbá. Ọmọ Araromi-Obu mọ igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ ju ọmọ ìlú ńlá lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò gbé igbá àti igbà wá sí kíláàsì, wọn yóò ní kí ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n, wọn yóò sì rò pé àwọn ti lo ìlànà àjùmọ̀lò. Ohun èlò wọ̀nyí wúlò fún ìtumọ̀. Ní ti ohùn, wọn kò sọ nǹkan kan. Bí a bá fọwọ́ ra igbá láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní sọ fún wa pé ohùn òkè ni ó parí rẹ̀.

Etí ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké sí. Kí olùkọ́ pa ẹnu dé, kí ó kùn ohùn ọ̀rọ̀ náà láìpe kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ́lì kankan, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èyí tí ó jẹ́ nínú márùn-ún. Kí wọ́n wá pààrọ̀ ipò. Eré ni èyí jọ lójú àwọn ọmọ, wọn a sì máa fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dá dúró.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́. Àyà ni ibùjókòó ọwọ́. Fún ohùn àárín, re, kí ọwọ́ dúró ní àyà. Fún ohùn òkè, mí, kí ó ti àyà gòkè. Fún ohùn ìsàlẹ̀, dò, kí ó ti àyà sọ̀ kalẹ̀. Sílébù kan, ìṣe kan, kí ọwọ́ sì padà sí àyà. Kí olùkọ́ má gbà kí ọwọ́ máa tẹ̀lé ẹnu bí ẹni ń tọ baba rẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbà kan náà ni kí àwọn méjèèjì ṣẹlẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń pẹ́, a jẹ́ pé ọmọ náà ń ronú ni, kò tí ì máa gbọ́.

Ìdí tí a fi yan ìṣe yìí dípò òmíràn ni ìrísí àmì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fa àmì méjèèjì láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti apá òsì sí apá ọ̀tún, àmì ohùn òkè ń gòkè, àmì ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá kọ́ ọmọ láti máa fa àmì ohùn òkè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ohun tí apá rẹ̀ ṣe ní àyà náà ni bírò rẹ̀ ń ṣe lórí ìwé, ó kàn kéré sí i ni. Ọwọ́ tí ó dúró sójú kan fún ohùn àárín kò fi àmì kankan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lórí ìwé. Láti apá, a ó mú un lọ sí ìka nínú yanrìn tàbí lórí tábìlì, láti ibẹ̀ sí bírò.

Àwọn kan ń lo ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta tí omi inú wọn kò dọ́gba, wọ́n ń fi ṣíbí lu wọ́n láti fi ohùn mẹ́ta hàn. Ó dára létí, kò dára lójú. Bí a bá lu ìgò, èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Omi ga, ohùn wálẹ̀: ojú ń sọ tirẹ̀, etí ń sọ tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ atẹ́gùn kọjá lẹ́nu ìgò kan náà bí ẹni ń fun fèrè, ọ̀rọ̀ yí padà. Èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ ga jù, ojú àti etí sì fẹnu kò. Ìgò kan náà, omi kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ń kọ́ni nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń dàrú. Àpẹẹrẹ kékeré yìí ni a fi ń ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kí wọ́n yẹ ohun èlò wò dáadáa kí wọ́n tó gbé e síwájú ọmọ.

Àtẹ́wọ́ ń ràn wá lọ́wọ́ ní ibòmíràn. Sílébù mélòó ni ó wà nínú ‘òógùn’ tí ń jáde lára? Kí ọmọ pàtẹ́wọ́ sí i: ò-ó-gùn, mẹ́ta. Nínú ‘oògùn’ tí a ń lò sí àìsàn ńkọ́? O-ò-gùn, mẹ́ta. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ní kí a kọ fáwẹ́lì méjì níbi tí a bá ti pe méjì, ọwọ́ tí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò sì ní í gbàgbé ọ̀kan. Bákan náà ni ‘ó ń lọ’. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ ní ‘o nlọ’, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ mẹ́ta ni. Pańla jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ méjì péré. N inú ‘pańla’ dá dúró, ó sì ní ohùn tirẹ̀, ti inú ‘ọ̀kan’ wà lára fáwẹ́lì tí ó ṣáájú rẹ̀.

Etí a sì tún máa borí òfin tí ọmọ há sórí. Ọmọ tí ó ti mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ‘rà’ ní yóò kọ ‘ó rà ọkọ̀’. Kí ó kùn ún, kí ó fọwọ́ ṣe é: ọwọ́ rẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, nítorí pé ‘ó ra ọkọ̀’ ni ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ní ‘ó rà á’, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà ti ń tẹ̀lé òfin gírámà yìí láti kékeré, láìsí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un.

Ibi tí ètè ti mọ ju etí lọ

Àwọn ibì kan wà tí etí kò lè rannilọ́wọ́. Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ìró tí a ń kọ ní an nínú ‘ìtàn’ àti èyí tí a ń kọ ní ọn nínú ‘ìbọn’ kò ní ìyàtọ̀ tí ọmọ lè fi etí mú. Òfin inú ìwé ni pé ọn ni a ń kọ lẹ́yìn b, f, gb, p àti w; an lẹ́yìn àwọn yòókù. Lẹ́tà márùn-ún tí ọmọ ń há sórí, tí ó ń gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó fi ìka kan ètè rẹ̀, kí ó pe ìbọn, ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀n, ìwọ̀n. Ètè ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Kí ó pe ìtàn, ẹran, ọsàn, ọ̀kan. Ètè kò ṣe nǹkan kan fún t, r, s àti k. Kò sí ohun tí ó tún ní láti há sórí mọ́: bí kọ́ńsónáǹtì náà bá lo ètè, kí ó kọ ọn. Àgbọn tí a ń jẹ, agbọ̀n tí a ń kó kòkó sí, agbọ́n tí ń tani àti àgbọ̀n tí ó wà nísàlẹ̀ ẹnu wa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò kọ ní ọn láìṣiyèméjì. Ohùn nìkan ni yóò kù fún un láti yà sọ́tọ̀, ó sì ti mọ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn.

Àgbọ̀n kẹrin yìí wúlò fún e àti ẹ, o àti ọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ó pe e, ẹ, kí ó tún pe o, ọ. Àgbọ̀n ń wálẹ̀ sí i fún àwọn tí a ń fi àmì sí nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni àgbọ̀n lọ, ìsàlẹ̀ náà ni àmì wà.

Ìgbà tí a ó mú àwọn àtìlẹ́yìn wọ̀nyí kúrò

Kò sí olùdánwò tí yóò gba ìgò láàyè nínú gbọ̀ngàn. Nítorí náà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ ti mọ̀ pé gbogbo èyí yóò kúrò nílẹ̀. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni a kì í kọjá ní ìrọ̀lẹ́ kan, àkókò tí a ń lò lórí wọn kì í sì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọmọ tí ó ti oko dé kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ kí ó gbádùn rẹ̀. Apá tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ yóò di ìka lórí tábìlì bí ọmọ bá ti ń mú àpèkọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìṣàṣìṣe. Àpèkọ gbólóhùn ló kàn, irú bí ‘Bàbá gbé igbà lọ sóko ọ̀pẹ, ìyá sì fi igbá bu ìgbá’. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí kò tí ì kúrò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹnu a máa pa ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú gbólóhùn. ‘Ra ọkọ́’ a di ‘rọkọ́’, ọmọ a sì wá sọ fáwẹ́lì kan nù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a dá a padà sí àtẹ́wọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, láìbá a wí.

Bí ó bá di ọjọ́ ìdánwò, tí ó ń ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ kan, kí ó kùn ún sínú, kí ó fi ìka kan lé itan lábẹ́ tábìlì, dò, re tàbí mí, kí ó sì kọ ọ́. Alábòójútó kò ní í rí i.